Orí Kẹfà: Bí Ẹrù Wúwo Ṣe Ń Yọ̀ Lórí Ilẹ̀

Nínú àwọn ẹ́sítéètì tó wà ní agbègbè Mowe, Ibafo àti Ifo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé tí wọ́n ti kọ́ parí àti èyí tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ló jọ ń gbé ojú kan. Onílé lè ti kó wọlé tán kí wẹ́dà, káfíńtà àti plọ́ḿbà má tíì kúrò nínú ọgbà. Ìdí nìyí tí ẹrù wúwo kì í fi í tán níbẹ̀. Lónìí, géètì onírin ni wọ́n fẹ́ gbé dúró. Lọ́la, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fẹ́ sún lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́túnla, fíríìsà tí wọ́n gbé wọ yàrá kí wọ́n tó tẹ́ táìsì gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kò ju kí wọ́n pe ọkùnrin mẹ́rin tó lágbára, kí wọ́n ní kí wọ́n gbé e. Ẹ̀yìn á máa ro wọ́n, ìka á há sábẹ́ ẹrù, táìsì tuntun á sì fọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tó dára ju èyí lọ: kí ẹrù má kúrò nílẹ̀ rárá, kí ó máa yọ̀ tàbí kí ó máa yí lọ. Orí yìí dá lórí ọ̀nà náà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa bá pàdé léraléra nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ibi ló yẹ kí ó máa yọ̀. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí ó yọ̀ àti ibi tí kò yẹ ló mọ iṣẹ́ yìí.

Ohun tó ń di ẹrù mú

Bí nǹkan méjì bá fara kanra, tí ọ̀kan sì fẹ́ rìn lórí èkejì, agbára kan á máa dì í mú. Ìfaragbora ni ìwé yìí ń pe agbára náà. Kódà táìsì tó ń dán gbinrin, bí a bá fi máíkírósíkóòpù wò ó, gegele àti kòtò wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀. Orí àwọn gegele yẹn nìkan ni ẹrù jókòó lé, ibẹ̀ náà ni ẹrù àti ilẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó ń ti fíríìsà, àwọn ojú ìlẹ̀mọ́ kéékèèké wọ̀nyẹn ló ń já.

Leonardo da Vinci, ará Ítálì, ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé. Nígbà tó di ọdún 1699 ni Guillaume Amontons, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé òfin méjì kalẹ̀. Òfin kìíní ni pé bí ẹrù bá ṣe wúwo sí ni ìfaragbora ń pọ̀ sí: bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, ìfaragbora náà á di ìlọ́po méjì. Òfin kejì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: fífẹ̀ tàbí kíkéré ojú tí ẹrù fi kan ilẹ̀ kò yí ìfaragbora padà. Charles-Augustin de Coulomb, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan náà, tẹ àbájáde ọ̀pọ̀ ìdánwò jáde ní ọdún 1785, ó sì fi hàn pé ẹrù tó dúró sójú kan máa ń ṣòro sún ju èyí tó ti ń rìn lọ. Alábàárù tí kò ka ìwé kankan mọ èyí dáadáa. Òun ni kì í fi í fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró lágbedeméjì ọ̀nà.

Láti inú òfin kìíní ni ìmọ̀ràn tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ti wá: kí a kọ́kọ́ dín ìwúwo kù. Lítà omi kan wúwo tó 1 kg, nítorí náà táǹkì 1,000 lítà tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gbáko, láìka ike táǹkì fúnra rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tó yẹ kí ẹnikẹ́ni dá sí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ju pé kí ó ṣí ẹ̀rọ omi rẹ̀, kí ó jẹ́ kí omi ṣàn tán. Bákan náà ni kí wọ́n yọ dúrọ́ọ̀ wọ́dúróòbù kúrò, kí wọ́n tú bátìrì kúrò lára jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì pín ogún àpò sìmẹ́ǹtì, tí í ṣe tọ́ọ̀nù kan nítorí pé 50 kg ni àpò kọ̀ọ̀kan, sí ìrìn mélòó kan.

Àwọn onímọ̀ máa ń fi nǹkan kan díwọ̀n ìfaragbora: wọ́n á pín agbára tó sún ẹrù pẹ̀lú ìwúwo ẹrù náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní iye ìfaragbora. Igi gbígbẹ lórí igi gbígbẹ máa ń wà láàárín 0.25 sí 0.5. Bí a bá fi ọṣẹ pa á, ó lè wálẹ̀ sí 0.2 tàbí kí ó tún dín sí i. Irin gbígbẹ lórí irin lè ju 0.6 lọ, ṣùgbọ́n gírísì lè mú un wálẹ̀ sí bíi 0.1. Ká ní wọ́dúróòbù kan wúwo tó 100 kg, tí iye ìfaragbora rẹ̀ sì jẹ́ 0.4. Ẹni tó fẹ́ tì í yóò lo agbára kan náà tó fi ń gbé 40 kg sókè. Bí ó bá wá ohun tó yọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ tí iye náà fi di 0.2, ìdajì agbára yẹn ti tó.

Omi díẹ̀ lórí iyanrìn

Òfin Amontons kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa lórí iyanrìn rírọ̀, bẹ́ẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ púpọ̀ nínú ọgbà tí wọn kò tíì tẹ́ òkúta sí. Ẹsẹ̀ ẹrù máa ń rì wọ inú rẹ̀, iyanrìn á sì gbá jọ síwájú rẹ̀ bí òkìtì kékeré. Bí wọ́n ti ń fà á lọ ni òkìtì náà ń ga. Níbi báyìí, ojú tó fẹ̀ ṣe pàtàkì: pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹrù kì í jẹ́ kí ó rì.

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ mọ ohun kan kún un. Nínú ibojì Djehutihotep ní Deir el-Bersha, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 3,900 ọdún, àwòrán kan wà lára ògiri tó fi ère ńlá kan hàn lórí pákó fífà, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi okùn fà á. Ọkùnrin kan dúró sí iwájú pákó náà gan-an, ó ń da omi sílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi rò pé ètùtù lásán ni. Ní ọdún 2014, Daniel Bonn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Amsterdam fa pákó kékeré lórí iyanrìn gbígbẹ àti iyanrìn tó rin, wọ́n sì rí i pé bí omi inú iyanrìn bá ṣe déédéé, agbára tí wọ́n nílò á dín kù tó ìdajì. Omi díẹ̀ yìí ló so hóró iyanrìn mọ́ra, tí ilẹ̀ fi le, tí òkìtì kò sì gbá jọ síwájú ẹrù.

Déédéé ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Iyanrìn tí òjò ti rin díẹ̀, tí a bá fọwọ́ fún un pọ̀ tí kò tú ká, dára fún fífa ẹrù. Èyí tí omi ti bò mọ́lẹ̀ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń mú ẹsẹ̀ ẹni tó ń fà á yọ̀ kí ẹrù tó yọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sún jẹnẹrétọ̀ gba ojú iyanrìn lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ lè wọ́n omi síwájú pákó rẹ̀ bí ó ti ń lọ, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fún òdòdó lómi.

Láti fà sí láti yí

Etí òkun láti Badagry dé Kútọnu, Lomé àti orílẹ̀-èdè Gánà ni a ti lè rí i bí àwọn apẹja ṣe ń fa ọkọ̀ wọn láti inú omi wá sí èbúté. Wọn a tẹ́ ìtì igi roboto sí abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á yí gorí wọn, èyí tó bá jáde lẹ́yìn ni ẹnì kan á gbé sáré lọ síwájú. Nǹkan tó ń yí kì í gbo ilẹ̀. Ṣe ló ń gbé ojú ara rẹ̀ lé ilẹ̀, tó sì ń ká a kúrò, kò wọ́ ọ.

Nínú ilé, páìpù irin tàbí páìpù ike tó nípọn lè ṣiṣẹ́ igi yìí. Mẹ́ta ló kéré jù, kí méjì lè máa gbé ẹrù nígbà tí ẹnì kan ń gbé ẹ̀kẹta lọ síwájú. Àwọn páìpù náà gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìwọ̀n. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, pákó méjì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ wọn, nítorí páìpù tó rì kò lè yí mọ́. Ohun kan wà tí ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́: bí páìpù bá rìn ní mítà kan, ẹrù orí rẹ̀ á rìn ní mítà méjì. Ìdí nìyí tí páìpù fi ń yára sẹ́yìn lábẹ́ ẹrù, tí ẹni tó ń gbé e síwájú kò fi gbọdọ̀ sùn. Kò sì gbọdọ̀ fi ìka sí àárín páìpù àti ẹrù láé.

Ifo mọ ìwúlò yíyí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní ọdún 1896 gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní 157 kìlómítà, ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021. Irin líle lórí irin líle kì í tẹ̀, nítorí náà agbára tó lè gbé 1 sí 2 kg ti tó láti mú tọ́ọ̀nù kan máa yí lọ lórí ojú irin tó tẹ́jú. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù lórí ọ̀dà dáadáa nílò bíi 6 sí 10 kg fún tọ́ọ̀nù kan náà. Nínú iyanrìn rírọ̀, ó lè ju 200 kg lọ, èyí ló sì ń mú kí ọmọlanke tó kó búlọ́ọ̀kù kún fọ́fọ́ dúró gbagidi nígbà tó bá yà kúrò lórí ọ̀dà.

Géètì tó ń yí lórí irin

Ojú irin kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé: géètì tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn onílé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í gba àyè níta, kì í sì í gba àyè nínú ọgbà. Ká ní ó wúwo tó 300 kg. Bí ẹnì kan bá ní kí òun wọ́ ọ lórí kọnkéré tí iye ìfaragbora rẹ̀ jẹ́ 0.5, agbára tó ń gbé 150 kg ni yóò ná an. Ṣùgbọ́n wẹ́dà ti jó irin áńgù mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ lókè, ó sì ti fi kẹ̀kẹ́ onílà sábẹ́ géètì. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ń yí dáadáa, tí iye rẹ̀ sì wà ní bíi 0.02, 6 kg péré ló kù. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi ọwọ́ kan fà á.

Àárín kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ gidi wà, níbi tí bíárìn ń gbé. Philip Vaughan, ará Carmarthen ní Wales, ló gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí bíárìn oníbọ́ọ̀lù fún áàsù kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní ọdún 1794. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló wà láàárín òrùka méjì, wọ́n sì ń yí dípò kí òrùka kan máa gbo èkejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú bíárìn àtijọ́ kan lọ́wọ́, kí ó nu òróró kúrò lára rẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà tó wà létí òrùka. Bí ó bá rí 6204, kí ó mú nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, 04, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Yóò jẹ́ 20, èyí tí í ṣe fífẹ̀ ihò àárín rẹ̀ ní mìlímítà. Ìlànà yìí bẹ̀rẹ̀ láti 04 lọ sókè. 6203 tó kéré sí i ní ihò 17 mìlímítà. Lẹ́yìn nọ́ńbà náà, lẹ́tà lè wà. ZZ túmọ̀ sí pé irin pẹlẹbẹ bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. 2RS, pé rọ́bà ló bò wọ́n. Fún géètì tó dojú kọ títì eléruku, 2RS ni kí ẹni tó ń rà á béèrè, nítorí pé rọ́bà máa ń dí ojú ọ̀nà mọ́ iyanrìn àti omi ju irin lọ. Ẹni tó bá sọ nọ́ńbà yìí lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù kò tún ní máa sọ pé "èyí tó tóbi díẹ̀ sí èyí" mọ́.

Àṣà kan wà tó yẹ kí ó dópin: fífi gírísì kun irin áńgù tí géètì ń yí lórí rẹ̀. Ojú irin yìí kò nílò rẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ kò yọ̀ níbẹ̀, ṣe ló ń yí. Iyanrìn ni gírísì ń mú dání. Àdàlù méjèèjì sì ń ṣe bí òkúta ìpọ́nbẹ, ó ń jẹ kẹ̀kẹ́, ó sì ń jẹ irin. Ìgbálẹ̀ àti ojú ọ̀nà tí omi òjò lè gbà ṣàn kúrò ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Gírísì ní àyè tirẹ̀ nínú bíárìn.

Bí géètì bá ti wá ń yí wẹ́rẹ́, ewu mìíràn ti dé. Ohun tí ọmọ lè fà ṣí pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọmọ náà lè fà á kọjá ibi tí irin parí sí, 300 kg yóò sì wó lé e. Nítorí náà, irin ìdádúró tó nípọn gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí róólà sì dì í mú lókè kí ó má fì. Wẹ́dà tó bá ní òun yóò wá jó o mọ́ ọn lọ́jọ́ mìíràn kò tíì parí iṣẹ́, kò sì yẹ kí onílé san gbogbo owó rẹ̀.

Nínú yàrá

Ìṣòro inú ilé yàtọ̀, nítorí ẹrù lè ha táìsì. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ fíríìsà ti tó láti fa ìlà tí kò ní parẹ́ mọ́. Kí wọ́n gbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan fi ọ̀pá irin gbọọrọ gbé etí ẹrù sókè díẹ̀, kí ẹnì kejì ti páálí tí wọ́n tú pẹlẹbẹ tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì tó le á mú ẹsẹ̀ ẹrù, ojú rẹ̀ tó rọ̀ á sì máa yọ̀ lórí táìsì.

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tó yọ̀ jù lọ láyé wà nínú àpò plọ́ḿbà. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 1938, Roy Plunkett, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ṣí sìlíńdà gáàsì kan tó yẹ kí ó kún, ṣùgbọ́n gáàsì kò jáde. Nígbà tí wọ́n la sìlíńdà náà, ẹ̀tù funfun tó ń yọ̀ ni wọ́n bá nínú rẹ̀. PTFE nìyẹn, tí aráyé mọ̀ sí Teflon. Òun ni wọ́n fi ń ṣe tépù funfun tí plọ́ḿbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù kí ó tó dì í. Iye ìfaragbora rẹ̀ lórí irin dídán lè wálẹ̀ dé 0.04. Tépù náà fẹ́lẹ́ jù láti gbé fíríìsà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àga máa ń lẹ ohun kan náà tó nípọn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Fún dúrọ́ọ̀ onígi tó ń há, kí wọ́n fi àbẹ́là gbígbẹ pa etí rẹ̀. Fún àgádágodo tí eruku ọyẹ́ ti mú kí ó le, kí wọ́n ha lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù sínú ihò kọ́kọ́rọ́. Epo pupa kò dára fún méjèèjì: ó máa ń gan, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí kò gbọdọ̀ yọ̀

Ká ní jẹnẹrétọ̀ 90 kg fẹ́ gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ga ní 75 sẹ̀ńtímítà, tí wọ́n sì fi pákó gígùn mítà 3 ṣe àtẹ̀gùn fún un. Gíga nìkan á gba bíi 22.5 kg. Bí iye ìfaragbora pákó gbígbẹ bá jẹ́ 0.3, ìfaragbora á fi bíi 26 kg kún un, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ bíi 48.5 kg. Bí wọ́n bá fi ọṣẹ pa pákó náà tó fi di 0.15, bíi 35.5 kg ló kù. Èrè ni, bí ẹrù bá ń gòkè. Ṣùgbọ́n ká ní okùn já lágbedeméjì. Lórí pákó gbígbẹ, ìfaragbora á dá jẹnẹrétọ̀ náà dúró. Lórí pákó ọlọ́ṣẹ, yóò yọ̀ padà fúnra rẹ̀, eré rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì bá. Bí ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí pákó wà ní gbígbẹ, kí wọ́n wé okùn mọ́ òpó tó dúró gidi, kí wọ́n sì máa tú u díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ìsàlẹ̀.

Ẹsẹ̀ ẹni tó ń fa ẹrù náà kò gbọdọ̀ yọ̀. Bàtà onírọ́bà tó gbẹ ló yẹ, kì í ṣe sílípáàsì. Bí ọṣẹ bá kán sí ojú ibi tí ó fẹ́ tẹ̀, kí wọ́n nù ún kíá.

Ọwọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹrù 100 kg lórí ilẹ̀ tí iye ìfaragbora rẹ̀ jẹ́ 0.6 nílò 60 kg bí okùn bá nà gbọọrọ lọ síwájú. Bí okùn náà bá gòkè díẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 30, yóò gbé lára ẹrù kúrò nílẹ̀, bíi 51 kg á sì tó. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹrù, tó sì ń tì í láti òkè wá sísàlẹ̀ ní dígírì 30 kan náà, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹrù mọ́lẹ̀: 106 kg ni yóò nílò. Nítorí náà, kí okùn so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹrù kí ó má baà dojú dé, kí ó sì gòkè wá sí èjìká ẹni tó ń fà á.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá búlọ́ọ̀kù kan, okùn kan, àti òṣùwọ̀n onírinkọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn báàgì. Kí ó kọ́kọ́ wọn búlọ́ọ̀kù náà. Lẹ́yìn náà, kí ó fi òṣùwọ̀n fà á lórí kọnkéré, lórí pákó gbígbẹ, lórí pákó tó fi ọṣẹ pa, lórí iyanrìn gbígbẹ àti lórí iyanrìn tó wọ́n omi sí. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ iye tí òṣùwọ̀n fi hàn bí búlọ́ọ̀kù ṣe fẹ́ gbéra àti iye tó fi hàn nígbà tó ń rìn, kí ó sì ṣírò iye ìfaragbora méjèèjì. Kí ó tún dá búlọ́ọ̀kù náà dùbúlẹ̀ lórí ojú rẹ̀ tó fẹ̀ jù, kí ó wò ó bóyá òfin kejì Amontons dúró lórí kọnkéré, àti bóyá ó dúró lórí iyanrìn gbígbẹ. Níkẹyìn, kí ó gbé orí pákó gbígbẹ sókè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù lórí rẹ̀ títí yóò fi yọ̀, kí ó wọn gíga pákó nígbà náà, kí ó sì tún un ṣe lẹ́yìn tó bá ti fi ọṣẹ pa á.